Orin John Peel Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn asọ̀rọ̀mágbèsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣàì dárúkọ John Peel. Láti ọdún 1967 tí BBC dá Radio 1 sílẹ̀, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2004 tí ọkùnrin náà kú ní Cuzco ní ilẹ̀ Peru, orin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà sí ni ó fi ṣe iṣẹ́. Orin punk a tẹ̀lé reggae, ti àwọn Bhundu Boys ará Zimbabwe a sì tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa gbé àwo sí eré tí kì í ṣe tirẹ̀, tí olùgbọ́ kò fi ní mọ̀ bóyá bí orin náà ti rí nìyẹn. Kí ni ó wá ṣeé jí dìde nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni ín ti lọ?

Ìdáhùn kan jáde ní ọdún 2012. Nínú iṣẹ́ tí BBC àti Arts Council England jọ dáwọ́ lé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àwo Peel sórí íntánẹ́ẹ̀tì: 100 àkọ́kọ́ lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti A dé Z. Àwo ńláńlá tí ó fi sílẹ̀ lé ní 25,000. Òǹwòran rí páálí àwo, tẹ̀yìn tọwájú. Ṣùgbọ́n ohùn inú àwo kò sí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ni orin ni ó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo ìlù àyàn kan jọ sí gbàgede, tí wọ́n sì to gàngan ti ìyáàlù, aráyé yóò wò ó, yóò sì yìn ín. Ohun tí àyàn náà máa ń fi wọ́n sọ ni kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Lóòótọ́, ábídí pàápàá a máa fi àlejò jókòó ti àlejò gẹ́gẹ́ bí Peel ti ń ṣe. Àmọ́ ábídí kò ní etí.

Ìdáhùn kejì ti wà ṣáájú: 6 Music, tí BBC dá sílẹ̀ ní ọdún 2002 fún ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ayé tuntun tí rédíò àtijọ́ kò lè gbà. Ní ọdún 2010 ni BBC fẹ́ pa á tì. Àwọn olùgbọ́ fárí gá, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso BBC sì kọ̀. Ọdún kan náà ni Tom Ravenscroft, ọmọ Peel, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Èyí ni ó sún mọ́ àjíǹde jù, nítorí pé ènìyàn ni ó ń yan orin, tí olùgbọ́ kò sì mọ èyí tí ó kàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn láti máa tún orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà ayé Peel gbé jáde, bẹ́ẹ̀ ni orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ni Peel ń wá kiri.

Ohun kan ṣoṣo ni àwọn onábídí fi borí: káàdì tí Peel fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, tí ó kọ orúkọ àwo kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni òǹwòran ti lè rí ipa ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ wọn.