Ilé Tí Ohun Èlò Orin Ti Ń Fọhùn

Musical Instrument Museum, ilé àkójọ ohun èlò orin tí wọ́n ṣí ní Phoenix, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2010, jẹ́ ibi tó yẹ ká ṣàbẹ̀wò sí. Àlejò a fi ẹ̀rọ sétí. Bó bá ti súnmọ́ àtẹ kan, orin ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dún, fídíò a sì fi àwọn tó ń lo ohun èlò ibẹ̀ hàn án. Ìlù tí a kò gbọ́, igi àti awọ lásán ni. Níbẹ̀ ni gamelan, agbo ohun èlò orin àwọn ará Indonéṣíà, wà, tí wọ́n ń ṣe ohùn agogo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, débi pé agogo agbo kan kì í bá tòmíràn mu. Ẹni tó mọ bí ìyáàlù ṣe ń sọ̀rọ̀ tí gúdúgúdú ń gbè é yóò mọ iyì ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ayé, kó kọ́kọ́ tẹ́tí.