Imú Tó Mọ Ìgbà Tó Tó

Nọ́ńbà la máa ń kọ́kọ́ wò lára ìgò wísíkì. Bí ẹni tó ń náwó bá gbé ọlọ́dún 12 sórí tábìlì, a ó ní ó gbìyànjú. Bó bá jẹ́ ọlọ́dún 18, a ó mọ̀ pé owó rìn. Bó bá wá lọ jẹ́ ọlọ́dún 25, àwọn tí kì í mutí pàápàá á fẹ́ fọwọ́ kan ìgò náà wò. Nọ́ńbà yẹn ò purọ́ ṣá. Òfin tó de wísíkì Skọ́tlándì ò gba irọ́ níbẹ̀: ọdún tí ọtí tó kéré jù nínú ìgò náà lò nínú àgbá ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ. Bí wọ́n bá da ọlọ́dún 30 pọ̀ mọ́ ọlọ́dún 12, 12 ni wọ́n máa kọ. Ọjọ́ tó bá sì ti kúrò nínú àgbá bọ́ sínú ìgò ni ìkà náà parí. Ẹ tọ́jú ọlọ́dún 12 sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ogún ọdún, ọlọ́dún 12 náà lẹ ó bá níbẹ̀.

Ohun tí nọ́ńbà náà ò lè sọ fún wa ni ẹni tó ní ó tó. Kò sí àgbá tó máa ń pariwo pé òun ti gbó. Ẹnì kan ló ń lọ bá a nínú ilé tútù tí wọ́n tò ó sí, tó ń gbóòórùn rẹ̀, tó ń ní “ẹ ṣì fi í sílẹ̀”, títí dọjọ́ tó máa ní “ẹ gbé e jáde.” Bó bá tètè sọ ọ́, ọtí náà á kàn máa ta wá lẹ́nu lásán. Bó bá pẹ́ jù, igi la ó máa mu. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo fẹ́ ká wò dáadáa, torí òun gan-an la ń sanwó fún.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká yára wo ohun tó ń wọnú àgbá. Ọkà báálì tó ti yọ èéhù nìkan ni wọ́n fi ń ṣe wísíkì tí wọ́n ń pè ní single malt, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ sè é. Ẹni tó bá ti wo ìyá àgbà tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó hù, wọ́n á sì tètè gbẹ ẹ́ kí èéhù tó jẹ adùn inú rẹ̀ tán. Nílé ìpọntí Balvenie ní Dufftown, ọwọ́ àti ṣọ́bìrì ni wọ́n ṣì fi ń yí apá kan ọkà wọn lórí ilẹ̀ dòní. Lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti sọ omi ọkà di ọtí, ó kan ìkòkò bàbà, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ọ̀pọ̀ ilé ń sè é. Bàbà á gba òórùn imí ọjọ́ kúrò lára ooru tó ń gòkè. Ẹni tó dúró ti ìkòkò á pín ohun tó ń ṣàn jáde sí mẹ́ta: èyí tó kọ́kọ́ dé ń ta nímú, kò ṣeé mu, ti ìgbẹ̀yìn wúwo, ó ń rùn, àárín ló ń mú. Orí àti ìdí á padà sínú ìkòkò. Àárín yẹn mọ́ gaara. Wọ́n sábà máa ń fi omi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìdá 63.5 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú àgbá. Òfin ló sọ ìyókù: igi óákù ni àgbá náà gbọ́dọ̀ jẹ́, kò gbọ́dọ̀ gbà ju lítà 700 lọ, ọdún 3 ó kéré tán lọtí náà gbọ́dọ̀ lò nínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ Skọ́tlándì, kò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 40 lọ nígbà tó bá máa wọ ìgò.

Àgbá ni ọ̀pọ̀ adùn tí à ń yìn ti wá, àgbá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní inú àgbá óákù tuntun tí wọ́n fi iná sun nínú ni bourbon gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà àgbá tí wọ́n bá ti lò lẹ́ẹ̀kan ò wúlò fún wọn mọ́ fún bourbon. Skọ́tlándì ló ń rà wọ́n, èyí tó pọ̀ jù sì ń gba nǹkan bíi lítà 200. Àwọn mìíràn ti gbé wáìnì ṣẹ́rì láti Spéìn rí, àwọn ńlá yẹn lè gba lítà 500. Ti Amẹ́ríkà ń fún ọtí ní òórùn fànílà àti àgbọn. Ti ṣẹ́rì ń fún un ní èso gbígbẹ, kànáfùrù àti àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ àgbá ṣe le tó, kó lọ sí Speyside Cooperage ní Craigellachie, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí àlejò ti lè dúró lókè wo àwọn oníṣẹ́. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù lára àgbá. Bí pákó ṣe ń ti ara wọn àti òrùka irin tó dì wọ́n ló ń mú ọtí dúró. Bí àgbá kan bá ń jò, oníṣẹ́ á fi òòlù lé òrùka irin títí yóò fi yọ, pákó á sì tú sílẹ̀. Á yọ èyí tó ti bàjẹ́, á wá òmíràn nínú òkìtì ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n: pákó náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ láàárín kó sì rù lórí àti nídìí, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun níwọ̀n tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Níbi tí omi lè gbà, á ki ifèéfèé gbígbẹ sí i, torí bí ọtí bá kàn án, á wú, á sì dí ojú ihò. Òrùka á padà sípò, òòlù á máa dún yí àgbá ká. Àgbá tó ti rẹ̀, wọ́n á fá inú rẹ̀, wọ́n á tún ti iná bọ̀ ọ́ títí inú rẹ̀ á fi dú. Iná ń jí adùn inú igi dìde, èédú tó fi sílẹ̀ sì ń gba òórùn burúkú tó bá ṣẹ́ kù lára ọtí. Ọdún mẹ́rin lọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ló kan ìdúró. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú àgbá sí, ògiri òkúta ni, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lásán ni, àgbá mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń gbé léra jù. Ọtí ń wọnú igi nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru, ó ń padà jáde nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ sì ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọtí náà ń fẹ́ lọ pẹ̀lú: nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ẹ mú àgbá lítà 250 kan. Bó bá ń lọ báyẹn, nǹkan bíi lítà 150 ló máa kù lọ́dún 25. Tó bá di ọdún 50, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wá sí 90. Agbára rẹ̀ náà ń wálẹ̀ nínú ọ̀rinrin Skọ́tlándì. Bó bá jábọ́ sísàlẹ̀ ìdá 40, kì í ṣe wísíkì mọ́ lójú òfin, ìdúró gbogbo ọdún yẹn ti já sófo nìyẹn. Igi pẹ̀lú ò yéé sọ̀rọ̀. Bó bá ti fi adùn fún ọtí tán, ìkorò ló máa fi tẹ̀ lé e, èyí tó ń fún ẹnu pọ̀ bí ìgbà téèyàn jẹ obì tán tí kò rómi mu. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú iṣẹ́ David Stewart. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ William Grant & Sons ní 1962, akọ̀wé tó ń kọ iye àgbá sílẹ̀ ni. Ní 1974 ló di ọ̀gá tó ń bójú tó wísíkì, ní 2016 sì ni wọ́n fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àgbá tó kún nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ lè jẹ́ òun náà ló máa ní kí wọ́n gbé e jáde nígbà tó bá dàgbà.

Bí wọ́n ṣe ń mú ọtí jáde wò nìyí. Òṣìṣẹ́ á fi òòlù onígi lu pákó ní apá ọ̀tún àti apá òsì ìdérí, láìfọwọ́ kan ìdérí fúnra rẹ̀, títí á fi fò sókè. Á ki ọ̀pá bàbà tó ní ihò bọ inú àgbá, á fi àtàǹpàkò dí ojú òkè rẹ̀, á fà á jáde, á sì ṣí ọwọ́ kí ọtí dà sínú gíláàsì. Nínú yàrá ìdánwò, wọ́n á fi omi là á títí dé nǹkan bí ìdá 20, torí agbára ọtí ń pa imú. Imú sì ni wọ́n ń lò jù. Ẹni tó bá ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, kó tó di ọ̀sán kò ní mọ̀yàtọ̀ mọ́.

Stewart fi hàn pé yàtọ̀ sí “fi í sílẹ̀” àti “gbé e jáde”, ohun kẹta wà tí èèyàn lè ṣe: kó gbé e lọ sílé mìíràn. Balvenie DoubleWood ọlọ́dún 12, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó jáde ní 1993, inú àgbá óákù Amẹ́ríkà ló ti dàgbà, kí wọ́n tó gbé e lọ sínú àgbá ṣẹ́rì fún oṣù mẹ́sàn-án. Ilé àkọ́kọ́ fún un ní oyin àti fànílà, èkejì fi èso gbígbẹ lé e. Tó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ṣẹ́rì á borí. Ìwọ̀n oṣù yẹn, imú ló mọ̀ ọ́n.

Àwọ̀ ò sì lè sọ fún wa bóyá ọtí ti gbó. Àgbá tó lágbára lè mú kí ọmọ kékeré dú bí àgbà, òfin sì gbà kí wọ́n fi àwọ̀ káráméèlì sí i. Àmọ́ bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú gíláàsì ni àkísà ti ń hàn.

Ẹ mú Glenfarclas méjì, ọlọ́dún 15 àti ọlọ́dún 25. Lẹ́sẹ̀ òkè Ben Rinnes ni ilé ìpọntí náà wà, ìdílé Grant kan ló sì ni ín láti 1865. Àgbá ṣẹ́rì ni wọ́n gbára lé, wọn kì í sì í kun ọtí wọn. Ẹ bu díẹ̀ sínú gíláàsì tí ikùn rẹ̀ yọ tí ẹnu rẹ̀ sún, irú èyí tí Glencairn gbé jáde ní 2001, torí ẹnu tó sún ń kó òórùn jọ. Ẹ má ti imú bọ inú rẹ̀ lójijì. Ẹ gbé e súnmọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ la ẹnu díẹ̀ bí ẹ ti ń mí.

Ọlọ́dún 15, ìdá 46, á jáde wá pàdé yín: àjàrà gbígbẹ, oyin, atalẹ̀. Lẹ́nu, ó gbóná, ó dùn, ọ̀nà ọ̀fun sì mọ̀ pé ó kọjá. Ọlọ́dún 25, ìdá 43, kì í sáré. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó kọ́kọ́ wá ni igi àtijọ́ tí wọ́n fi póláàṣì nù, lẹ́yìn náà èèpo ọsàn tó gbẹ, ṣokoléètì tó korò díẹ̀, ewé tábà. Lẹ́nu, adùn rẹ̀ kéré sí ti àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Ẹ yí i káàkiri ahọ́n kí ẹ tó gbé e mì. Níbi tó ti ń parí, igi á fún ẹnu yín pọ̀ díẹ̀, tó ìba tí ẹ ó fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, á sì fi yín sílẹ̀ kó tó di ìkorò. Ẹ̀bá yẹn gan-an ni kí ẹ dúró wò. Ọdún díẹ̀ sí i, igi lè gbà á lọ.

Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ní 2017, Björn Karlsson àti Ran Friedman ti Yunifásítì Linnaeus ní Sweden fi kọ̀ǹpútà ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé bí ọtí bá le jù, èròjà guaiacol tó ń mú òórùn èéfín wá máa ń rì sínú rẹ̀. Bí omi bá là á, á léfòó sójú ọtí, níbi tí imú ti lè bá a.

Èéfín náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní erékùṣù Islay, iná píìtì, ewéko àbàtà tó ti jẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ni ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí fi ń gbẹ ọkà, bí ọtí sì ṣe ń pẹ́ nínú àgbá lèéfín ń rọ̀. Ẹni tó ń wá èéfín tó gbóná janjan, Ardbeg ọlọ́dún 10 á tẹ́ ẹ lọ́rùn ju àgbà lọ. Lagavulin fi tirẹ̀ sílẹ̀ di ọdún 16, kí èéfín àti adùn lè jókòó pọ̀. Kò séyìí tó ju èkejì lọ. Ìdájọ́ méjì ni, imú méjì ló dá a.

Ọjà ò rí i bẹ́ẹ̀. Ní November 2023, Sotheby’s ta ìgò Macallan 1926 kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́ùn. Ọgọ́ta ọdún ló lò nínú àgbá, ìgò 40 péré ló sì tinú rẹ̀ jáde. Ọ̀wọ́n ni wọ́n ra yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́, kí òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta dáwó jọ, kí wọ́n ra àbúrò àti ẹ̀gbọ́n láti ilé ìpọntí kan náà, kí wọ́n gbé wọn síra, kí wọ́n má fi yìnyín sí i, torí òtútù ń pa òórùn. Kí wọ́n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni èwo ni ẹ̀gbọ́n títí gbogbo wọn á fi sọ èyí tí wọ́n fẹ́.