Pánẹ́ẹ̀lì Àfirọ́pò: Òṣùwọ̀n fún Iṣẹ́ Àwọn Rẹdiónìkì Kétu

Àwọn onílámèyítọ́ wa kò fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ṣeré. Wọ́n ti yẹ ère wò, wọ́n ti yẹ ìjálá àti rárà wò, fíìmù pàápàá kò yẹ̀ lójú wọn mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní àyíká ọjà Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́, tí mi ò tíì rí ẹni tó gbé e lé òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ àwọn rẹdiónìkì ni mò ń wí, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe pánẹ́ẹ̀lì mìíràn láti fi rọ́pò èyí tó ti jóná nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ayé fi ń dá iṣẹ́ yìí lẹ́jọ́: ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, oníbàárà á sanwó, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó di ilé. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn kéré jù. Ẹni tó ń da pánẹ́ẹ̀lì kọ, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń kà, ó sì yẹ kí á lè sọ bóyá ó kà á yé.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi gbilẹ̀ níbẹ̀ kò fara sin. Ọjà oúnjẹ ńlá ni Mile 12, ọjà èso Kétu kò jìnnà sí i, ọjà ò sì lè dákẹ́. Alágbo ń fi amplifáyà polówó, oníwàásù ń fi wàásù, ilé ọtí ń lu fújì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ò gbẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ooru àti eruku, lórí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, á jóná lọ́jọ́ kan.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orin tòkunbọ̀ tí àwọn ará Japan ṣe ní nǹkan bí ogójì ọdún sí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, áísì (IC) kan ṣoṣo ló ń ru ohùn sí sípíkà. STK lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Sanyo ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní 2011, Sanyo ta ẹ̀ka náà fún ON Semiconductor ti Amẹ́ríkà. Lónìí, ayédèrú ló pọ̀ nínú STK tó wà lórí àtẹ: ìrísí àti nọ́ńbà jọ ti ojúlówó, agbára inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá rà á á tún padà wá láìpẹ́. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í bá ayédèrú jà. Á pa STK tì, á ṣe pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú áísì tó ṣì rọrùn láti rí bíi TDA2030 tàbí TDA7294, tàbí pẹ̀lú transístọ̀ 2N3055 tí gbogbo rẹdiónìkì mọ̀ bí ẹni mọ owó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù yọ́ lẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tú gbogbo ohun tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì tó jóná, wọ́n á fi sípírítì nù ún. Wọ́n á wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìlà bàbà tó wà lára rẹ̀ lè yọ sójú. Níbi tí iná bá ti jẹ ìlà tán, mítà ni wọ́n fi ń wá ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ, wọ́n á sì ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú pátákó olójú bàbà tí wọ́n ti fi sánpépà yún, wọ́n á fi máákà tí omi kì í fọ̀ tàbí kútẹ́ẹ̀sì tọ ìlà náà sí i. Àwọn mìíràn ń tẹ̀ ẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù aṣọ lọ yíǹkì rẹ̀ mọ́ bàbà. Ferric chloride, kẹ́míkà tó ń jẹ bàbà, ló kù. Inú ike ni wọ́n ń pò ó sí, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí pé bó ṣe ń jẹ bàbà ló ń jẹ irin. Gbogbo ibi tí ọ̀dà kò bò á lọ, ìlà tí ọ̀dà bò á ṣẹ́kù. Tínà ni wọ́n fi ń fọ ọ̀dà yẹn kúrò, dírìlì kékeré ni wọ́n fi ń luhò, ó ku kí wọ́n máa to nǹkan sí i. Ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Paul Eisler, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ṣí lọ sí London, fi bẹ̀rẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì rédíò ní nǹkan bí 1936.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù tó fẹ́ràn pinball, ẹ̀rọ eré tí bọ́ọ̀lù irin ń sá kiri lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Bally ti Chicago fi kọ̀ǹpútà kékeré sínú ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì lẹ bátìrì mọ́ ojú pánẹ́ẹ̀lì kí ẹ̀rọ má bàa gbàgbé iye tí oníkálukú jẹ. Bátìrì yẹn a máa jò bó bá pẹ́, omi rẹ̀ a sì jẹ ìlà bàbà run. Ní ti Gottlieb, áísì tí Rockwell ṣe fún wọn ní àkànṣe ni wọ́n lò, kò sì sí ẹni tó tún ń ṣe é. Báyìí ni àwọn olùfẹ́ eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ṣe pánẹ́ẹ̀lì àfirọ́pò. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín. Àwọn kan fẹ́ kí tuntun jọ ti àkọ́kọ́ dé orí àwọ̀ àti ipò kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kejì yọ bátìrì dànù, wọ́n fi mẹ́mórì tí kò nílò bátìrì síbẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn kejì ni mo wà. Ẹni tó tún gbé bátìrì padà sí ibi tó ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ó ti da àìsàn kọ mọ́ iṣẹ́.

Àwọn baba wa ti ní òṣùwọ̀n fún irú ọ̀rọ̀ yìí kí iná mànàmáná tó dé. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, bi àwọn Yorùbá léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ère tó dára, ó sì tẹ ohun tó gbọ́ jáde ní 1973. Jíjora wà nínú rẹ̀: kí ère jọ ènìyàn, kó má sì jọ ọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ìfarahàn wà níbẹ̀, dídán wà níbẹ̀, gígún náà sì wà níbẹ̀. Rowland Abiodun ní tirẹ̀ tẹnu mọ́ ojú inú àti ojú ọnà. Mo ní kí á gbé òṣùwọ̀n wọ̀nyí wá sí orí tábìlì rẹdiónìkì, nítorí wọ́n bá ibẹ̀ mu ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Dídán, fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹwà lásán níbẹ̀. Ojú lẹ́ẹ̀dì tó jó dáadáa máa ń dán bíi dígí. Èyí tó ṣú, tó rí gbàgìgbàgì, ooru kò tó o tàbí ọwọ́ mì sí i kó tó gan, ibẹ̀ ni ohùn yóò ti máa já lọ́la. Ìfarahàn ni kí ìlà hàn débi tí ẹni tí kò ṣe pánẹ́ẹ̀lì náà yóò fi lè tọ̀ ọ́. Gígún ni kí kapásítọ̀ àti transístọ̀ dúró ṣánṣán, kí nọ́ńbà wọn kọjú sí ibi tí ojú lè kà á.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí adàkọ ni ìlà áàtì. Lójú ẹni tí kò mọṣẹ́, ìlà tó kàn fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ni. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo iná ń gbà padà. Iná tó ń padà láti sípíkà àti láti ìdí kapásítọ̀ ńlá pọ̀. Èyí tó ń padà láti ẹnu ibi tí ohùn ti ń wọlé kò tó nǹkan rárá. Bí àwọn méjèèjì bá ń gba ìlà tín-ínrín kan náà kọjá, eléyìí tó pọ̀ á da èkejì láàmú, amplifáyà á sì gbé ìdààmú náà sókè bí ẹni pé orin ni. Iná wa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá gba inú díódù mẹ́rin kọjá, ó di 100, òun sì ni kíkùn abẹ́lẹ̀ tí ẹ máa ń gbọ́ nínú sípíkà nígbà tí orin ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó fi ojú inú wo pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ á rí i pé ìlà ohùn dá lọ, ìlà sípíkà dá lọ, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti pàdé, nídìí kapásítọ̀. Bó ti wù kó yí ìyókù padà tó, á pa ìpàdé yẹn mọ́. Adàkọ á fi ìlà sípíkà rìn gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ohùn ń gbà wọlé, nítorí pé ibẹ̀ ló yá. Pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń kùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti agbára iná. TDA2030 kò lè gbà ju fóòtì 18 lọ lápá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀rọ orin mìíràn tó lo STK ń pèsè fóòtì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ láìfi mítà wo iná yóò rí èéfín. Irin ẹ̀yìn áísì yìí kan náà so mọ́ ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀, ibi tí nẹ́gẹ́tíìfù ń gbà wọlé, nítorí náà máíkà gbọ́dọ̀ wà láàrin òun àti irin ńlá tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Ewé máíkà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ló máa ń pààlà láàrin iṣẹ́ tó pẹ́ àti fíùsì tó já lójú ẹsẹ̀.

Àfikún tó wú mi lórí jù wà lára pánẹ́ẹ̀lì stábílásà. Áísì LM324, tó ní amplifáyà kékeré mẹ́rin nínú tí a lè fi ṣe ìfiwéra, ló sábà máa ń wo iye iná tó wọlé, tí rìlé á sì yí ojú tiransifọ́mà bó ti yẹ. Àwọn tó ṣe é lókè òkun fọkàn sí i pé iná kò ní jìnnà sí fóòtì 230. Ní òpópónà tí iná ti ń wálẹ̀ sí 150 nírọ̀lẹ́, tí ẹja ẹlẹ́ja wà nínú fíríìsà, stábílásà bẹ́ẹ̀ á kàn pa ara rẹ̀ ni. Rẹdiónìkì tó yí iye resístọ̀ padà, tó fi rìlé kan kún un kó lè gba iná kékeré, kò da ohunkóhun kọ mọ́. Ó ti ṣe iṣẹ́ tuntun tó mọ àdúgbò tó wà.

Ẹ̀sùn tí mo ní kò kéré. Àwọn kan nínú wọn ń fi sánpépà pa nọ́ńbà orí áísì rẹ́ kí ẹlòmíràn má bàa mọ ohun tí wọ́n lò. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n ń dáàbò bò, pàápàá nísinsìnyí tí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe parí láti China wà ní owó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́ṣẹ́ fún ọdún pípẹ́, á ṣe fírídọ̀ọ̀mù, kò sì ní sí àwòrán pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú àpò rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ya ìlà sí ń lọ sínú ìdọ̀tí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Lójú tèmi, pánẹ́ẹ̀lì tí a pa nọ́ńbà rẹ́ kò yege, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, nítorí ó ti kùnà ní ti ìfarahàn. Èyí tí wọ́n ṣe lórí Vero board, pátákó oníhò tí wọ́n ń rà lọ́jà, pẹ̀lú wáyà lílọ́pọ̀ kò yege bákan náà. Ó dára fún ìdánwò, kò dára fún ẹ̀rọ tí a fẹ́ kó lo ọdún mẹ́wàá.

Mo ń bẹ àwọn ọ̀gá Kétu àti Ìkòsí: kí ẹ tó dé ìdérí ẹ̀rọ, ẹ fi máákà kọ ọdún, iye fóòtì àti nọ́ńbà áísì sí ẹ̀gbẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán rẹ̀ sínú ìwé kan. Ẹ má sì da ferric chloride tí ẹ ti lò tán sí gọ́tà. Májèlé ni bàbà inú rẹ̀ fún ohun abẹ̀mí inú omi. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkòròdú, ọ̀nà kan ló so ó mọ́ Mile 12. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rán akẹ́kọ̀ọ́ wá jókòó ti àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, kí wọ́n ya pánẹ́ẹ̀lì wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.