Eré Orí Ìtàgé ní Òṣogbo: Ládiípọ̀, Ògúnmọ́lá àti Adéjọbí

Bí a bá dárúkọ eré oníṣe Yorùbá lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń múra ìdánwò ni ó ń wá sí wọn lọ́kàn. Wọn yóò kà á láti ìran kìíní dé ìran ìkẹyìn, wọn yóò há orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sórí, ó parí. Àwa olùkọ́ kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ tó, nítorí pé bí a ti ń kọ́ wọn ní ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere ni a ń kọ́ wọn ní eré oníṣe. Èrò tèmi ni pé irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹjọ́ tí kò tọ́ fún àwọn òṣèré ńlá. Ìlú Òṣogbo ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ eré mẹ́ta tí òkìkí wọn kàn dé ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá fi ṣe ibùjókòó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ayé tí a ti ń ṣeré náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọjà àwọn òṣèré alárìnjó ń tà jù. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ kórè kòkó tán tí owó wà lọ́wọ́. Ọ̀nà ti gbẹ, ọkọ̀ kò ní rì sínú ẹrẹ̀. Òjò kò sì ní máa lu páànù débi pé a kò ní gbọ́ ohun tí òṣèré ń wí. Ọkọ̀ tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára yóò wọ ìlú lọ́sàn-án, wọn yóò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó eré káàkiri àdúgbò, nígbà tí ó bá sì di alẹ́, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé yóò kún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n di ìlú mìíràn. Hubert Ògúndé ni ó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ òòjọ́ láti ọdún 1945, àwọn ìyókù sì tọ ọ̀nà tí ó là. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní bínú pé orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ eré gùn jù: àwọn kan ṣì ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà.

Dúró Ládiípọ̀ ni kí a mú ṣáájú. Ọmọ Òṣogbo ni, katikíìsì ìjọ Áńgílíkà sì ni bàbá rẹ̀. Kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó ṣe orin Àjíǹde kan fún ìjọ, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Àwọn àgbà ìjọ fàáké kọ́rí pé ìlù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ìlù tí wọ́n lé jáde yìí ni ó wá di òpómúléró iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, a ṣí Ḿbárí Ḿbáyọ̀ ní Òṣogbo pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, eré Ọba Mọ́rò ni a sì fi ṣí i. (Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, àwọn ará Òṣogbo ni wọ́n fún un ní ìtumọ̀ Yorùbá, ìyẹn ni pé bí àwọn bá rí i, àwọn yóò yọ̀.) Ọdún 1963 ni Ọba Kò So jáde; ó dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Ìbéèrè tí a máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ lórí eré yìí ni bóyá ó bá ìtàn mu. Kò bá a mu, kò sì yẹ kí a retí rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ìgbà Aláàfin Kórí ni a fi Tìmì jẹ ní Ẹdẹ, kì í ṣe ìgbà Ṣàngó. Nínú eré Ládiípọ̀, ààfin Ṣàngó ni ìjà Tìmì àti Gbọ̀ńkáà wà. Ẹ wo èrè tí ó rí níbẹ̀. Bí kò bá sí àwọn jagunjagun méjì yìí, ọba tí oògùn àrá rẹ̀ jó ilé ara rẹ̀ ni Ṣàngó ìbá jẹ́. Àánú nìkan ni ìbá ṣe wá. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó di ọba tí ó fẹ́ fi alágbára kan ṣẹ́gun èkejì, tí ète náà sì yí padà lé e lórí. Ẹ̀bi ìṣèlú ni ẹ̀bi rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti gbé abẹ́ olórí rí ni yóò mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, ibi tí ìwé ti ń fi eré yìí du akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ìpàdé Tìmì àti Gbọ̀ńkáà. Lójú ìwé, ọfọ̀ ni a to sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a sì fò ó kọjá láti lọ wo ẹni tí ó borí. Lórí ìtàgé, ọfọ̀ náà gan-an ni ogun. Ohùn ni ohun ìjà, ẹni tí mímí rẹ̀ bá kọ́kọ́ já ni ó ṣubú. Dùndún náà kì í ṣe ìdárayá lásán. Ó ń kì, ó ń kìlọ̀, ó ń sọ ohun tí ẹnu ìjòyè kò gbọdọ̀ sọ níwájú ọba. Ẹ̀dá ìtàn kan ni, àfi pé a kì í kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ìyókù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé.

Èmi kò sọ pé eré náà kò ní àléébù. Lójú tèmi, ìparí rẹ̀ yá jù. Àwọn tí wọ́n ti kọ ọba sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pariwo pé kò so, a kò sì rí ohun tí ó yí ọkàn wọn padà. Iná tí Ládiípọ̀ máa ń tu lẹ́nu lè bo àléébù yìí lójú òǹwòran. Ẹni tí ó ń kàwé kò ní iná tí yóò bò ó fún un.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni, olùkọ́ sì ni kí ó tó gba iṣẹ́ eré. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti gbé Lánkẹ́ Ọ̀mu jáde, láti inú ìwé tí Amos Tutùọlá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ní 1952. Demas Nwoko ni ó ya ìtàgé rẹ̀. Ohun tí ó ṣe sí ìtàn náà ni pé ó sọ gbogbo ìrìn-àjò ọ̀mu náà di àlá. Àwọn kan rò pé ó fi èyí bu ìtàn Tutùọlá kù, mo sì gbà fún wọn dé àyè kan, nítorí pé ẹ̀rù tí ó yẹ kí ó bà wá dínkù nígbà tí ọ̀mu bá ta jí. Ṣùgbọ́n ojú àti ara Ògúnmọ́lá ni eré rẹ̀, gbogbo àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ni ó sì jẹ́rìí sí i pé bí kò bá tilẹ̀ fọhùn, òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Èwo nínú èyí ni a lè tẹ̀ sínú ìwé? Ó kú ní 1973.

Oyin Adéjọbí ni ó sì fún àwa olùkọ́ ní ìṣòro tí ó le jù, nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kọ eré sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Olórí ẹgbẹ́ a la ìtàn náà kalẹ̀, òṣèré kọ̀ọ̀kan a sì wá ọ̀rọ̀ sí ipa tirẹ̀ lẹ́nu. Bí òǹwòran bá gba awàdà kan dáadáa lónìí, yóò gùn sí i lọ́la. Karin Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ da mẹ́ta nínú àwọn eré náà kọ, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1994. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ohun tí ó wà lójú ìwé ni eré náà bí ó ti máa ń rí ní gbogbo ìgbà. Ẹ mú Kúyẹ̀, tí ẹgbẹ́ náà fà yọ láti inú ìwé ìtàn J. F. Ọdúnjọ. Ọmọ tí kò lè gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ni Kúyẹ̀. Nínú ìwé Ọdúnjọ, asọ̀tàn ń bá a sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lórí ìtàgé kò sí asọ̀tàn. Ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀ òṣèré ni yóò sọ gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ ẹnu Kúyẹ̀ láti fi ṣe àlàyé ìwà rẹ̀ yóò wá a tì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń di ẹ̀bi ìparun eré alárìnjó ru sinimá. Lóòótọ́, láti ìgbà tí Àjàní Ògún ti jáde ní 1976, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ sì ṣe Ayé, owó orí àwòrán wọ̀ wọ́n lójú. Ẹnìkan lè gbé sinimá kiri ìlú mẹ́wàá láìkó ọgbọ̀n òṣèré dání. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Nígbà tí Ládiípọ̀ kú ní 1978, Abíọ́dún aya rẹ̀, tí ó máa ń ṣe Ọya, ni ó di ẹgbẹ́ náà mú. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Adéjọbí kú ní 2000.

Kí ni olùkọ́ lè ṣe nígbà náà? Mo ti dán ohun kan wò ní kíláàsì mi. Mo mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé àyàn, ó gbé dùndún wá, àwọn méjì sì dúró gẹ́gẹ́ bí Tìmì àti Gbọ̀ńkáà. Ìlà ogún péré ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan béèrè ohun tí n kò rí nínú ìwé atọ́nà kankan: nígbà tí àwọn méjèèjì dákẹ́ tí ìlù kò dákẹ́, ta ni ìlù ń bá sọ̀rọ̀? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a máa fi síwájú àwọn tí ń múra ìdánwò, kí a sì fún wọn ní máàkì fún un.