Ohun Ìṣeré Ọ̀la lórí Àtẹ Tòkunbọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹlòmíràn a máa kó aṣọ òkè jọ, ẹlòmíràn a máa kó ìwé jọ, ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a sì máa kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Ní tèmi, èmi olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ohun ìṣeré ọmọdé ni mo ń kó jọ. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun ìṣeré, bí kò ṣe irú èyí tí ó ti inú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì jáde: ọkùnrin onírin tí à ń pè ní róbọ́ọ̀tì, ọkọ̀ tí ń fò lọ sí àárín ìràwọ̀, àti àwọn ará ayé mìíràn tí ojú wọn jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí mo bá sọ èyí láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. N kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò níhìn-ín: ojú wo ni ó yẹ kí ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ fi wo ohun tí ó kó jọ?

Ọjà ńlá Treichville ní ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ni ìbéèrè yìí ti bá mi. Treichville wà ní ìhà gúúsù ọ̀sà Ébrié. Afárá Houphouët-Boigny, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ni ó so ó mọ́ Plateau, níbi tí àwọn ilé gogoro ti ìjọba àti ti báǹkì wà. Àwọn ọmọ Yorùbá ti pẹ́ ní ìlú náà. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní àárín ìlú Èjìgbò fúnra rẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin ń ta aṣọ nínú ọjà náà, òun ni mo sì máa ń lọ kí nígbà ìsinmi. Bí mo bá ti kí i tán, tí mo jẹun tán, èmi a bọ́ sí àárín àtẹ, èmi a máa wá ohun tí n kò sọ nù.

Àwọn ará Abidjan ní orúkọ kan fún ohun àlòkù tí ó ti Yúróòpù wá. «France au revoir» ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘Faransé, ó dàbọ̀.’ Àwa ní tiwa ń pè é ní tòkunbọ̀. Ẹ wo bí orúkọ méjèèjì ti kọ ẹ̀yìn sí ara wọn! Èkíní wo ibi tí ẹrù ti gbéra, ó sì ń juwọ́ sí i. Èkejì wo ibi tí ẹrù gúnlẹ̀ sí, ó sì ń kí i káàbọ̀ bí ọmọ tí ó ti òkun bọ̀. Mo rò pé inú orúkọ méjèèjì yìí ni àbámọ̀ àti ayọ̀ ẹni tí ń fi owó kékeré kó nǹkan jọ wà. Àbámọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ó rà ti fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn: páálí rẹ̀, ìwé rẹ̀, apá rẹ̀ kan, tàbí orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ayọ̀ rẹ̀ sì ni pé, bí ó ti wù kí ó rí, ó dé. Ọ̀wọ́n ọjà tún ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìdí àtẹ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì lójú owó Faransé, ohun tuntun tí ó ti òkè òkun wá sì fò kọjá agbára òṣìṣẹ́ lásán.

Ní ọjọ́ kan, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọdún Kérésìmesì tó dé, nígbà tí ohun ìṣeré máa ń kún ọjà, mo rí róbọ́ọ̀tì onípáànù kan láàrin àwọn ọmọlangidi onírun pupa àti àwọn ọkọ̀ oníke. Fèrèsé kékeré kan wà ní àyà rẹ̀ níbi tí iná ti ń tàn nígbà kan rí. Apá òsì rẹ̀ kò sí. Màmá àgbàlagbà kan ni ó jókòó ti àtẹ náà, mo sì gbọ́ ọ tí ó ń fi Yorùbá bá ọmọ wí.

“Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á wọ igbá.”

“Àṣẹ o. Ẹ káàbọ̀, oníbàárà mi. Ṣé ilé ni ẹ ti wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Èló ni ẹ ń ta ọkùnrin onírin yìí?”

“Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fránkì wá.”

“Háà, màmá! Ẹ wò ó, apá rẹ̀ kan ti gé.”

“Apá tirẹ̀ ni ó gé. Ṣé apá tiyín náà gé ni? Ẹ bá a wá òmíràn.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì gba 1,500 fránkì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀fẹ̀ ni mo pe ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ yẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé màmá náà ti fèsì fún ọ̀mọ̀wé ńlá kan.

Ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí afárá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, Roland Barthes, lámèyítọ́ ará Faransé, tẹ ìwé kan jáde tí ó ń jẹ́ Mythologies. Àròkọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ lórí ohun ìṣeré. Ó ní ohun ìṣeré àwọn ọmọ Faransé kò ju ayé àgbà tí a sọ di kékeré lọ: ti ológun, ti oníṣègùn, ti onífóònù, ó sì ka ohun ìṣeré àwọn ará Mars mọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí aṣojú sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ọmọ tí a bá fún ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò di oní-nǹkan àti alò-nǹkan, ṣùgbọ́n kò ní í di aṣẹ̀dá. A ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Kí ni ó kù fún un láti ṣe?

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé ìtajà tí gíláàsì yí ká. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ tòkunbọ̀. Róbọ́ọ̀tì tí kò ní apá kò tíì tán. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò parí rẹ̀. Ọkọ̀ ìràwọ̀ tí ìwé rẹ̀ ti sọ nù kò ní ìtàn. Ẹni tí ó bá gbé e dání ni yóò sọ ibi tí ó ń lọ. Ohun tí Barthes ní ilé-iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ìbàjẹ́ tún dá a padà fún un.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtùnú aláìní ni èyí, pé ẹni tí kò rí ẹran ní í pe egungun ní oúnjẹ. N kò ní í jiyàn gidi pẹ̀lú onítọ̀hún, nítorí mo ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Mo ti ra ọkọ̀ tí omi bátìrì ti jẹ inú rẹ̀ tán. Mo ti ra ohun ìṣeré páànù tí etí rẹ̀ ya mí lọ́wọ́. Ọ̀dà ara ohun ìṣeré àtijọ́ mìíràn ní òjé nínú, kò sì yẹ kí ó wọ ẹnu ọmọ. Mo tún ti fi owó bàtà ra ohun tí ó fọ́ kí n tó dé ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò sí àbámọ̀ nínú ìná-owó-kékeré, kò tíì ṣe é rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn olówó. Lọ́dọ̀ wọn, ohun ìṣeré tí ó gbówó lórí jù lọ ni èyí tí a kò tíì yọ nínú páálí rẹ̀ rí, ìyẹn ni pé èyí tí ọmọ kankan kò tíì fi ṣeré. Nígbà tí fíìmù Star Wars jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ Kenner kò rí ohun ìṣeré rẹ̀ ṣe tán kí Kérésìmesì tó dé. Wọ́n ta páálí tí kò sí ohun ìṣeré nínú rẹ̀ fún àwọn òbí, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé ọmọ wọn yóò rí ère mẹ́rin gbà ní ọdún 1978. Òfìfo páálí náà ni àwọn olùkójọ ń fi owó gidi wá lónìí. Ẹ tún gbọ́ èyí: ní àwọn ọdún 1980, àwọn kan ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì ṣe ayédèrú àwọn ère náà, wọ́n sì pè é ní Uzay. Ayédèrú tí a ṣe fún ọmọ aláìní di ohun tí olówó ń lé kiri. Owó, nígbà náà, kì í ṣe onídàájọ́ tí ó dúró sí ojú kan.

Bí a bá sì tọpa ohun ìṣeré wọ̀nyí dé orísun, ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́. Róbọ́ọ̀tì onípáànù ti ilẹ̀ Japan wà nínú ohun tí àwọn olùkójọ fẹ́ràn jù. Ní ọdún 1945, nígbà tí ogun parí tí ebi sì ń pa Japan, Matsuzo Kosuge kó àgolo oúnjẹ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti jẹ tán, ó sì fi ṣe ọkọ̀ jíìpù kékeré fún àwọn ọmọdé. Láti ara irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ohun ìṣeré onípáànù ti tún gbérí, tí àwọn róbọ́ọ̀tì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ọdún 1950 síwájú fi gba ayé kan. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni nínú wa tí kò rí ọmọ tí ó fi àgolo sadíìnì ṣe ọkọ̀, tí ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀? Iṣẹ́ kan náà ni. A gbé ọ̀kan sí inú gíláàsì, a sì gbá èkejì mọ́ ilẹ̀.

A kò sì lè sọ pé àwa kò ní ìrònú ọ̀la. Ní ọdún 1958, fíìmù Jean Rouch tí ó ń jẹ́ Moi, un noir jáde. Treichville gan-an ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀ Niger wá ṣe iṣẹ́ alágbára níbẹ̀ fi orúkọ àwọn akọni sinimá sọ ara wọn: ọ̀kan ń jẹ́ Edward G. Robinson, ọ̀kan ń jẹ́ Eddie Constantine, ọ̀kan ń jẹ́ Tarzan. Wọ́n kó akọni jọ láìná kọ́bọ̀. Ní ọdún 1965 ni Constantine fúnra rẹ̀ tó ṣe Alphaville, fíìmù ìlú ọ̀la tí Jean-Luc Godard gbé jáde. Ẹnìkan ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Treichville kí ó tó dé ọ̀la náà. Nílé wa níhìn-ín, Amos Tutuola ti fi iwin obìnrin kan sínú ìwé My Life in the Bush of Ghosts ní ọdún 1954, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọdún márùn-ún kí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. N kò tíì rí iwin náà lórí àtẹ kankan rí.

Mo wá padà sí orí róbọ́ọ̀tì mi. Nígbà tí mo gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ kan nínú kíláàsì mi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ó mú apá kan wá tí ó fi àgolo wàrà gé, ó sì fi wáyà so ó mọ́ èjìká rẹ̀. Apá náà gùn ju ti ọ̀tún lọ, àwọ̀ wàrà ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé ara rẹ̀ sókè, èyí tí apá ọ̀tún kò lè ṣe mọ́. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, olùkójọ kan ní òkè òkun rí àwòrán rẹ̀. Ó ní òun yóò rà á, ṣùgbọ́n apá àgolo yẹn ti ba iyì rẹ̀ jẹ́. Kí n yọ ọ́ kúrò, kí ó rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ojú owó wọ̀ mí, mo yọ ọ́. Ọkùnrin náà kò tún kọ̀wé sí mi mọ́. Nígbà tí mo wá apá náà láti dá a padà, n kò rí i.

Ọmọ tí ó ṣe é ti di géńdé nígbà tí ó yà kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó gbójú sókè sí orí pẹpẹ.

“Sà,” ni ó wí, “apá rẹ̀ dà?”

N kò rí èsì fún un. Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Kì í ṣe àìlówó ni ó fa àbámọ̀ tèmi. Owó tí mo fi ra róbọ́ọ̀tì náà kò dùn mí rí. Ohun tí ó dùn mí ni pé mo yá ojú olówó láti fi wo ohun tí ó jẹ́ tiwa, mo sì sọ èyí tí ó níye lórí jù lára rẹ̀ nù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá gbé ọkọ̀ àgolo wá sí kíláàsì, ẹ má kàn yìn ín kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ. Ẹ bi í léèrè orúkọ ohun tí ó ṣe àti ibi tí ó ń lọ. Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà àti ọdún sí ara ìwé kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi gíga tí ìgbálẹ̀ kò ti ní í dé ibẹ̀. Kò ní í ná yín ju páálí kan lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: olówó lè ra gbogbo ohun tuntun, ṣùgbọ́n irú ohun báyìí kò sí lórí àtẹ fún un.

Róbọ́ọ̀tì náà ṣì wà lórí pẹpẹ mi, pẹ̀lú apá kan. Mo ti lẹ ìwé kékeré mọ́ èjìká òsì rẹ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: “Apá tí ó wà níhìn-ín, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó fi àgolo wàrà ṣe é. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ nù.”