ÀWỌN TA NI WỌ́N DÈ LÁBẸ́ ÀGA ỌBA?
Àgbéyẹ̀wò Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà ti Kútọnu, 2022

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tí ìjọba ilẹ̀ Olómìnira Benin ṣí ní ààfin ààrẹ wọn ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 2022. Apá méjì ni wọ́n pín in sí. Apá kìíní ni ti ìṣúra mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) tí àwọn ọmọ ogun Faransé, tí Dodds jẹ́ ọ̀gá wọn, kó ní ààfin àwọn ọba Dàhọ̀mì ní 1892, tí Faransé sì dá padà ní oṣù kọkànlá 2021. Apá kejì ni ti àwọn oníṣẹ́ ọnà ayé òde òní. Èrò àwọn tó ṣètò rẹ̀ hàn nínú orúkọ tí wọ́n fún un: iṣẹ́ ọnà àná àti ti òní, láti orí ìdápadà dé orí ìṣípayá. Ìyà tí wọ́n fẹ́ kí òǹwòran rí ni ti orílẹ̀-èdè tí àjèjì kó lẹ́rù lọ. A kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ibòmíràn ni iyàn tiwa wà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ kan tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú níhìn-ín ní Òkìtìpupa. Bí a bá dárúkọ Benin ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ẹdó ni ọkàn tọmọdé tàgbà ń lọ, nítorí pé ìtàn ọ̀pọ̀ ìlú wa sọ pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá. Benin ti Kútọnu kì í ṣe Ẹdó. Dàhọ̀mì ni, 1975 ni wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Síbẹ̀, àṣìṣe àwọn ọmọ náà mú ọgbọ́n dání díẹ̀, nítorí ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí Faransé kó ẹrù Dàhọ̀mì ni Gẹ̀ẹ́sì kó ti Ẹdó, ní 1897.

A kò dé Kútọnu. Àwòrán àwọn ohun tí wọ́n pàtẹ ni a kó síwájú kíláàsì wa. Àwọn ère ọba ni ojú àwọn ọmọ kọ́kọ́ lọ sí: Glèlè tó di kìnnìún, Béhanzin tó di àkùrákudà, ẹja òkun tí ń jẹ ènìyàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yìn ín. Lẹ́yìn náà ni a gbé àwòrán àga ọba tí wọ́n kó ní Cana jáde. Ọba wà lókè lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú àwọn èrò ààfin rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ẹrú ni, tí a so wọ́n pọ̀ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Àwọn ta ni wọ́n dè lábẹ́ yìí, sà?"

Ìbéèrè yìí gan-an ni ìpàtẹ náà kò fún ní àyè nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Yorùbá mọ̀ pé ogun Dàhọ̀mì dé Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Kétu kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1886 ni wọ́n fọ́ ìlú náà, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àìmọye ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti gba èbúté Ouidah kọjá sí òkè òkun. Nítorí náà, àga tí Faransé jí gbé yìí ti jẹ́ àga ìyangàn lórí ìyà àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó jí i. Èyí kò dá Dodds láre o. Kì í ṣe nítorí àwọn tí a dè nísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé àga lọ.

Bí a bá wo ìhun àga náà fínnífínní, a ó ṣàkíyèsí pé àwọn ẹrú ni wọ́n gbé ọba rù. Bí a bá mú wọn kúrò, ọba á wó lulẹ̀. A kò lè sọ bóyá gbẹ́nàgbẹ́nà ààfin mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí a kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́.

Nínú àwọn ti òde òní, Cyprien Tokoudagba (1939–2012), ọmọ Abomey, ló sún mọ́ ààfin jù. Ó bá wọn tún àwọn ère ara ògiri ààfin ṣe, ó sì ya àmì àwọn ọba sórí aṣọ funfun: kìnnìún, àkùrákudà. Ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe é sẹ́. Ṣùgbọ́n oríkì ni, ohùn ààfin ni. Moufouli Bello ya Tassi Hangbé, obìnrin tó jọba tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkójọ àwọn ọba; ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ààfin. Julien Sinzogan, ọmọ Àjàṣẹ́, ló jáde síta. Àwọn ọkọ̀ òkun ni a mọ̀ ọ́n mọ́, ọkọ̀ tí ẹ̀mí àwọn ẹrú ń wọ̀ bọ̀ wálé nínú àwọ̀ aṣọ eégún. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ Sinzogan kọjú sí àga Cana, òǹwòran ì bá rí àwọn tí a dè níhìn-ín, kó sì rí wọn tí wọ́n ń padà bọ̀ lọ́hùn-ún. Pípín tí wọ́n pín àná àti òní sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Ẹgbẹ́ Ọ̀nà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, tí Tola Wewe ọmọ Shabomi wà lára wọn, kò pín in bẹ́ẹ̀. Inú àwòrán kan náà ni wọ́n ti ń pa àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun.

Ṣùgbọ́n ta ni àwa tí a ń bá Kútọnu wí? Ọdọọdún ni a ń kọ́ni ní oríkì àwọn ológun Ìbàdàn. A ń béèrè àwítúnwí, àfiwé, àsọdùn. A kì í béèrè bí oríkì náà ṣe dún létí ọmọ Ìjàyè tí ìlú rẹ̀ tú ní 1862. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa rí láìjẹ́ pé a bi í. Ojú ewé kan àtààbọ̀ ló kọ, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Kò sí máàkì fún un nínú ìlànà ìdáhùn tí ó wà lọ́wọ́ wa. A fi bírò pupa fa ìlà sí i lábẹ́, a sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ pé, "O ti yà kúrò lórí ìbéèrè."