Ìpìlẹ̀ Orúkọ Ẹyẹ ní Èdè Yorùbá: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ni ó jẹ́ onísílébù kan. Nítorí náà, ó rọrùn láti gé orúkọ ẹyẹ sí wẹ́wẹ́, kí a sì pe èérún rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Bí a bá fọ́ àdàbà sí 'à-', 'dà' àti 'bà', ọ̀rọ̀-ìṣe gidi ni méjèèjì, ẹyẹ a sì máa bà lórí igi. Síbẹ̀, èyí kò fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe wáyé.

Ti ẹyẹlé yàtọ̀. 'Ẹyẹ' àti 'ilé' ni ó para pọ̀. Fáwẹ́lì 'i' ni a pa jẹ, ohùn rẹ̀ kò yí padà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì bá ìṣe ẹyẹ tí ń bá ènìyàn gbé mu.

Àwọn kan wà tí igbe wọn di orúkọ. Kowéè jẹ́ àpẹẹrẹ, gẹ́gẹ́ bí kukushka ti jẹ́ ní èdè Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ń béèrè ju igbe lọ. Ó jọ pé 'ẹyẹ' ni ó parí rẹ̀; kpakpaxe ni àwọn Ewe Tógò àti Gánà ń pe ẹyẹ kan náà, 'xe' sì ni ẹyẹ lédè wọn. Olùtúpalẹ̀ tí ó bá dúró sórí Yorùbá nìkan kò ní rí ẹ̀rí yìí.

Tòlótòló tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹyẹ náà ti ṣẹ̀, talotalo sì ni Haúsá ń pè é. Igbe rẹ̀ lè ṣàlàyé ìró orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò lè sọ èdè tí ó kọ́kọ́ lò ó.

Orúkọ a máa rìn. Akẹ̀sán ti jẹ́ orúkọ ọjà ọba ní Ọ̀yọ́ Ilé kí ó tó bá àwọn ènìyàn wá sí Ọ̀yọ́ tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó láàárín ọdún 1830 sí 1840. Ẹni tí ó bá ń wá ìpìlẹ̀ orúkọ Ọjà Akẹ̀sán níbi tí ọjà náà wà lónìí ti ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti orúkọ ẹyẹ.

Ó yẹ kí olùkọ́ ya èyí tí ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó kàn ṣeé ṣe, kí ó sì lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìpìlẹ̀ àwọn mìíràn kò tíì hàn. Bí olùkọ́ bá fi àbá kọ́ni bí òtítọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò gbé e dé kíláàsì tirẹ̀, àṣìṣe yóò sì di ìmọ̀.